Oògùn Tó Ń Gba Rọ́bà Imú Wọlé Nígbà Tí Gìrì Kò Bá Dáwọ́

Ojú fèrèsé ilé oògùn ni mo ti sábà máa ń bá ẹbí aláìsàn pàdé. Wọ́n á na ìwé tí dókítà kọ sí mi, wọ́n á béèrè iye owó, mo bá sọ ọ́, wọ́n á dákẹ́. Tó bá jẹ́ gìrì ló gbé ènìyàn wọn wá, ìbéèrè kan wà tó máa ń tẹ̀lé e: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kò sí oníhóró rẹ̀ ni? Ṣebí wọ́n ti fi rọ́bà sí i nímú." Àwọn kan nínú àwa òṣìṣẹ́ máa ń kanra mọ́ wọn, wọ́n rò pé owó ni wọ́n ń sá fún. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Rọ́bà tí wọ́n ń sọ ni ọ̀pá rírọ̀ tó gba imú lọ sínú ikùn, tí à ń gbé oúnjẹ àti oògùn gbà fún ẹni tí kò lè gbé e mì. Ìbéèrè gidi ni wọ́n ń béèrè, ó sì ní ìdáhùn gidi, àmọ́ ìdáhùn ọ̀hún gùn ju ohun tí mo lè sọ nígbà tí èrò tò sẹ́yìn lójú fèrèsé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí.

Gìrì tí mò ń sọ kì í ṣe èyí tó máa ń mú ènìyàn fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, tí onítọ̀hún á sì sùn, tí yóò jí. Èyí tó lé ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni mò ń sọ, tàbí èyí tó dáwọ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ kí ojú ẹni náà tó là. Ní 2015, ILAE, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ wárápá lágbàáyé, fi ìṣẹ́jú márùn-ún ṣe ààlà: tí gìrì tó ń gbọn gbogbo ara bá ti kọjá ibẹ̀, ẹ má retí pé yóò fúnra rẹ̀ dáwọ́ mọ́, oògùn ni yóò dá a dúró. Tó bá di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fara gbọgbẹ́ tí kò ní san. Ẹ wo bí ìṣẹ́jú márùn-ún ti kéré tó. Kí wọ́n tó rí ẹni tó ní mọ́tò ládùúgbò, ó ti lọ.

Àwọn àgbàlagbà tí irú rẹ̀ ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa kì í ṣe oríṣi kan. Rọpárọsẹ̀ ló fà á fún òmíràn, òmíràn forí gbálẹ̀ lórí ọ̀kadà, òmíràn ní àìsàn inú ọpọlọ, ṣúgà ara òmíràn já wálẹ̀, ẹlòmíì ti ń mutí fún ọ̀pọ̀ ọdún ó wá fi í sílẹ̀ lójijì. Èyí tí mo sì ń rí jù ni ẹni tó ti ní wárápá tẹ́lẹ̀, tí oògùn rẹ̀ tán, tí kò rówó ra òmíràn. Wárápá kò ṣọ̀wọ́n láàárín wa. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Igbó-Ọrà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, ó lé díẹ̀ ní ènìyàn márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún tó ní in. Ẹ fi ìṣirò yẹn wo ìlú tiyín.

Kí n tó dé ọ̀rọ̀ rọ́bà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kó dájú: oògùn àkọ́kọ́ fún ẹni tí gìrì ń mú lọ́wọ́ kì í gba rọ́bà imú. Abẹ́rẹ́ ni. Diazepam mílígírámù 10 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, kí wọ́n rọra tì í, tàbí midazolam mílígírámù 10 sínú ẹran itan bí iṣan kò bá ṣeé rí. Ìwádìí ńlá kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2012 ti fi hàn pé midazolam inú ẹran itan kò rẹ̀yìn rárá sí abẹ́rẹ́ inú iṣan, torí kò sí pé ẹnikẹ́ni ń wá iṣan kiri lára ẹni tó ń gbọ̀n. Lásìkò yẹn kan náà ni kí wọ́n yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ẹni tó ń gbọ̀n kò ṣeé ti rọ́bà bọ̀ nímú, kò sì ṣeé da nǹkan sí lẹ́nu. Yóò bì, èébì náà yóò sì gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Nílé, ẹ dá a dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ kó ohun tó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, ẹ wo aago, ẹ wá mọ́tò. Ẹ fi ṣíbí sílẹ̀. Ẹ fi epo sílẹ̀.

Lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ ni oògùn kejì, èyí tí yóò mú un dúró tí kò fi ní padà wá. Ibẹ̀ ni wàhálà tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní 2019, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde níbi tí wọ́n ti fi levetiracetam, fosphenytoin àti valproate wéra lára àwọn tí abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kò ran gìrì wọn. Ìkọ̀ọ̀kan wọn dá gìrì dúró lára nǹkan bí ìdajì àwọn tó gbà á, kò sí èyí tó ta èkejì yọ. Mo fẹ́ràn ìwádìí yẹn púpọ̀. Ó túmọ̀ sí pé kí dókítà má jókòó ti oògùn kan tí kò sí nílẹ̀. Èyí tó bá wà ni kó lò, kó lò ó ní ìwọ̀n tó pé, kó sì yá.

Ìwọ̀n tó pé yẹn ni ẹ kíyè sí. Ìwọ̀n levetiracetam tí wọ́n lò nínú ìwádìí náà jẹ́ mílígírámù 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan, kó má ju 4500 lọ. Ọkùnrin tó wúwo tó kílò 65 yóò gba 3900. Mílígírámù 500 ló wà nínú ìgò abẹ́rẹ́ kan. Ìgò mẹ́jọ nìyẹn, ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, kó tó di pé a sọ ti ọ̀la. Owó ìgò mẹ́jọ kì í sí nínú àpò ẹni tó sáré gbé ọkọ rẹ̀ dé ní alẹ́. Méjì ni ọ̀pọ̀ máa ń rà, wọ́n á ní àwọn yóò ra ìyókù tílẹ̀ bá mọ́. Ìgò méjì kò lè ṣe iṣẹ́ ìgò mẹ́jọ, gìrì kì í sì í dúró de ilẹ̀ mímọ́.

Káfíńtà kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn mi. Ó ti ń lo carbamazepine fún wárápá láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ iṣẹ́, ara rẹ̀ sì balẹ̀. Nígbà tí náírà já ní 2023, tí iye owó oògùn òkèèrè sì ń gòkè ní gbogbo ìgbà tí a bá kó ọjà tuntun wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lo hóró rẹ̀ ní ọjọ́ kan, kó fo ọjọ́ kejì. Ó rò pé òun ń ṣọ́ owó ná. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló ti ṣubú, láàárín pákó. Wọ́n gbé e dé, wọ́n fún un ní diazepam, ó dáwọ́, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fún un lẹ́ẹ̀kejì, ó dáwọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ kò là. Dókítà kọ levetiracetam. Ìyàwó rẹ̀ dé ojú fèrèsé mi pẹ̀lú ohun tó lè ra ìgò méjì.

Ó ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́: sáṣẹ́ẹ̀tì carbamazepine ọkọ rẹ̀ tó ṣẹ́kù nílé, tó di mọ́ etí ìró rẹ̀. Ẹnì kan ní kọ́rídọ̀ ti sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí rọ́bà ti wà nímú ọkọ rẹ̀, kó lọ̀ ọ́, kí wọ́n fi omi gbé e wọlé. Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo yí i padà, mo fi lẹ́tà méjì tó wà lẹ́yìn orúkọ oògùn náà hàn án: CR. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, èyí kò ṣeé lọ̀ o. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é kó máa tú jáde látàárọ̀ dalẹ́. Tí a bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ ni yóò já wọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ yóò sì ti tán."

Ohun tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn onírọ́bà mọ̀ nìyẹn. Tí ẹ bá rí CR, SR, XR, ER, tàbí ọ̀rọ̀ bíi "Retard" àti "Chrono" lára páálí oògùn, ẹ má lọ̀ ọ́. Valproate tí wọ́n fi ìbòrí bo kó má bàa tú nínú ikùn, òun náà kò ṣeé lọ̀. Olómi rẹ̀ ni ẹ béèrè. Levetiracetam lásán ṣeé lọ̀. Phenobarbital lásán, tí òun náà jẹ́ oògùn gìrì, ṣeé lọ̀.

Dókítà alẹ́ ọjọ́ náà pè mí láti wọ́ọ̀dù, ó béèrè bóyá a ní oníhóró. A ní in, levetiracetam 500 lásán, tí owó rẹ̀ kò sì sún mọ́ ti abẹ́rẹ́ rárá. Wọ́n fi ìgò méjì tí ìyàwó rà sínú iṣan rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, dókítà sì kọ ìyókù pé kó gba rọ́bà. Ìdí tí mo fi fọwọ́ sí i láìṣiyèméjì ni pé levetiracetam jẹ́ ọ̀kan nínú oògùn díẹ̀ tí ikùn kì í jẹ níyà: ohun tó bá dé inú ìfun, fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀, láàárín nǹkan bíi wákàtí kan ni yóò sì dé góńgó. Abẹ́rẹ́ yára jù ú lọ, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n hóró tó wọlé lálẹ́ yìí dára ju ìgò tí wọ́n ṣì ń wá owó rẹ̀ kiri lọ.

Èmi fúnra mi ni mo lọ̀ ọ́. Odó kékeré funfun kan wà nílé oògùn wa tí mo yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yìí nìkan. Hóró levetiracetam ní awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lára. Tí ènìyàn bá kánjú lọ̀ ọ́, awọ yẹn á ya bí ìpẹ́ ẹja, á léfòó lórí omi, òun náà ni yóò sì lọ dí ojú rọ́bà. Nítorí náà mo lọ̀ ọ́ títí ó fi kúnná bí àtíkè. Mo bu omi tó mọ́ sí i, mo rò ó, mo jẹ́ kó rọ̀ díẹ̀, mo tún rò ó. Nọ́ọ̀sì fa á sínú sírínjì ńlá. Ó kọ́kọ́ fi omi ṣan rọ́bà, ìwọ̀n mílílítà 30, kó tó ti oògùn wọlé pẹ̀sẹ̀. Mo wá tún da omi sínú odó, mo ṣan ẹ̀bá rẹ̀, a fa ìyẹn náà, a tì í wọlé. Oògùn máa ń ṣẹ́kù sára odó tí a bá fojú fo ìyẹn, aláìsàn á gba ohun tó kéré sí ohun tí a kọ sínú ìwé, a ó sì máa sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà omi mìíràn láti fi ṣan rọ́bà. Orí ibùsùn gbọ́dọ̀ ga ní gbogbo àsìkò yìí. Oògùn kan ni ẹ̀ẹ̀kan: a kì í po oògùn méjì pọ̀ nínú odó, a kì í sì í pò ó mọ́ ẹ̀kọ.

Kí èyíkéyìí nínú èyí tó ṣẹlẹ̀, ó gbọ́dọ̀ dájú pé inú ikùn ni ẹnu rọ́bà wà. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ kì í wúkọ́ dáadáa, rọ́bà lè ṣìnà wọ ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ó mira, oògùn tó bá sì dé ibẹ̀ lè pa á. Àṣà fífi sírínjì fẹ́ atẹ́gùn wọlé, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìgbọ́yà gbọ́ bó ṣe ń dún níkùn, kò tó gbára lé. Omi inú rọ́bà ni kí wọ́n fà jáde, kí wọ́n fi bébà ìdánwò wo bó ṣe kan tó. Tí nọ́ńbà tí bébà náà fi hàn (pH) bá jẹ́ 5.5 tàbí kó rẹlẹ̀ sí i, ikùn ni. Tí kò bá dájú, X-ray. Bébà yẹn kò wọ́n. Inú máa ń bí mi tí mo bá dé wọ́ọ̀dù tí kò sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ phenytoin gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi, torí òun ni mo rí tó ń ya ènìyàn lẹ́nu jù. Láti 1938 ni àwọn dókítà Amẹ́ríkà méjì, Merritt àti Putnam, ti fi hàn pé ó ń ṣiṣẹ́ fún wárápá, ó ṣì wúlò gan-an dòní, abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì wà níbi púpọ̀ ju levetiracetam lọ. Dírípù oníyọ̀ ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rẹ̀ sí. Nínú dírípù olóṣúgà ńṣe ló máa ń dì. Kò gbọ́dọ̀ yára ju mílígírámù 50 ní ìṣẹ́jú kan lọ, kí ọkàn má bàa ṣe ségesège. Ìyẹn nínú iṣan. Tó bá wá di ti rọ́bà, oúnjẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Oúnjẹ tí à ń gba rọ́bà fún aláìsàn máa ń dí i lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀jẹ̀, ohun tó ń wọlé lè dín ju ìdajì lọ. Aláìsàn á gba oògùn rẹ̀ láìfo kankan, nọ́ọ̀sì á fọwọ́ sí i nínú ìwé, ẹbí á gbé ẹ̀kọ oníwàrà dé lákòókò, gbogbo ènìyàn á ṣe iṣẹ́ wọn bó ti yẹ, gìrì á sì padà dé. Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n dá oúnjẹ dúró fún wákàtí kan sí méjì ṣáájú oògùn, kí wọ́n tún dúró bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Olómi rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ mímì gidigidi kí wọ́n tó bù ú, torí ìsàlẹ̀ ìgò ni oògùn máa ń lọ sùn sí. Ẹni tó lo òkè ìgò lo omi, ẹni tó lo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lo májèlé.

Ẹbí ló ń gbé oúnjẹ wá ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa. Nítorí náà tí ẹnikẹ́ni kò bá sọ fún ẹbí, kò sí ohun tí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn lè ṣe. Nígbà tí mo bá rí phenytoin olómi nínú ìwé, mo máa ń gòkè lọ sí wọ́ọ̀dù, mo máa ń wá ẹni tó ń po ẹ̀kọ náà gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń sanwó. Ìyá àgbà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ti rí i pé tí wọ́n bá ti mọ ìdí rẹ̀, wọ́n máa ń ṣọ́ aago náà ju wa lọ.

Nǹkan mìíràn tí ẹbí máa ń fẹ́ kó gba rọ́bà wọlé ni àgbo. Mi ò ní bú ẹnikẹ́ni. Ìbẹ̀rù ló ń ṣe wọ́n. Àmọ́ àgbo gìrì tó ní ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà nínú ti pẹ́ tí wọ́n ti mọ ìṣòro rẹ̀ nílùú Ìbàdàn: ó ń já ṣúgà ara wálẹ̀, ó sì ń fa mímí sẹ́yìn. Ara ọmọdé ni wọ́n ti rí i jù, ṣùgbọ́n ọpọlọ àgbàlagbà kò yàtọ̀ níbi ká pàdánù ṣúgà. Tí a bá da ìyẹn sínú ikùn ẹni tó ti gba diazepam, a ti tún fi kún ohun tó ń bá a jà. Bí wọ́n bá ti fún un nílé kí wọ́n tó gbé e wá, kí wọ́n sọ ọ́ fún dókítà láìtijú, torí ó máa yí ohun tí dókítà yóò ṣe padà.

Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìṣẹ́ ló sọ wá di ẹni tó ń fi oògùn gba rọ́bà fún aláìsàn gìrì. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Topiramate, tí wọ́n máa ń fi kún oògùn àwọn tí gìrì wọn kọ̀ jálẹ̀, kò ní abẹ́rẹ́ lọ́jà. Rọ́bà ló ń gbà dé ara ẹni tí kò mọ ara rẹ̀, títí kan àwọn ICU (wọ́ọ̀dù tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù) olówó ńlá nílẹ̀ òkèèrè. Ní Blantyre, lórílẹ̀-èdè Màláwì, àwọn dókítà gbé levetiracetam gba rọ́bà imú fún àwọn ọmọdé tí ibà ti wọ ọpọlọ wọn, wọ́n sì tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 2019. Ohun tí wọ́n ń wá ni oògùn tí kì í fa mímí sẹ́yìn bí phenobarbital ti ń ṣe, níbi tí kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá aláìsàn mí. Phenobarbital fúnra rẹ̀, tí Alfred Hauptmann ará Jámánì ti kọ̀wé nípa bó ṣe ń ran onígìrì lọ́wọ́ láti 1912, kò wọ́n, ó ń gba rọ́bà wọlé dáadáa, ó sì ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là. Ẹ kàn gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò jókòó ti onítọ̀hún, tí yóò máa ka èémí rẹ̀.

Ibi tí rọ́bà kò ti ní ṣiṣẹ́ náà wà. Ikùn ẹni tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ púpọ̀ lè má gbé nǹkankan kọjá sínú ìfun. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń bì, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀ nínú ikùn. Ẹni tí gìrì rẹ̀ ṣì ń lọ lẹ́yìn oògùn kejì, ICU ló kàn, pẹ̀lú oògùn oorun inú iṣan àti ẹ̀rọ tí ń mí fúnni. Kí ẹnikẹ́ni má fi hóró lílọ̀ rọ́pò ìyẹn, kí wọ́n má sì fi rọ́bà fa àkókò gùn nígbà tó yẹ kí wọ́n ti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó ní in.

Gìrì kò tún mú káfíńtà náà mọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ojú rẹ̀ là ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó béèrè ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó lè gbé omi mì láìfà á sọ́fun, wọ́n yọ rọ́bà. Mi ò mọ̀ bóyá hóró tí mo lọ̀ ni tàbí ìgò méjì àkọ́kọ́, tàbí àpapọ̀ gbogbo rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Levetiracetam lásán ni dókítà fi sílẹ̀ fún un, ìyàwó rẹ̀ sì máa ń wá ra ti ọ̀sẹ̀ kan lọ́dọ̀ wa nígbà tí kò bá sí owó oṣù kan.

Tí ẹ bá ń lọ ra oògùn fún ẹni tó ní rọ́bà nímú, níbikíbi tó bá wà, ẹ kọ́kọ́ sọ fún apòògùn pé rọ́bà ni yóò gbà wọlé kó tó mú nǹkankan kúrò lórí pẹpẹ. Ẹ béèrè bóyá olómi rẹ̀ wà. Tó bá jẹ́ hóró, ẹ béèrè bóyá ó ṣeé lọ̀, kí ó kọ ọ́ sára páálí pẹ̀lú bírò. Ẹ béèrè bóyá oúnjẹ gbọ́dọ̀ dúró. Ẹ kó gbogbo oògùn tó ti ń lò nílé dání pẹ̀lú páálí wọn, ẹ má tú wọn sínú ọ̀rá. Àpótí ìbéèrè wà nísàlẹ̀. Ẹ kọ orúkọ oògùn náà bó ṣe wà lára páálí, títí dé lẹ́tà tó gbẹ̀yìn, màá dáhùn.